Ẹ má tíì ra ‘booster’: Bí Wi-Fi ilé kan ṣe lè dé ilé kejì

Ẹ jẹ́ ká fi ilé méjì kan ní Bódìjà, n’Íbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ọ̀kan ni wọ́n ti ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù. Nínú èkejì, tí ògiri ọgbà àti ọ̀nà tóóró kan pààlà sáàárín wọn, ni ìyá kan ti ń ránṣọ. Orí WhatsApp làwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń fi àwòrán sítáì ránṣẹ́ sí i, ibẹ̀ náà ló ti ń fi aṣọ tó bá rán tán hàn wọ́n. Òun àti aládùúgbò rẹ̀ fẹnu kò pé káwọn jọ máa dá owó íntánẹ́ẹ̀tì náà, àmọ́ bó ti ń sanwó tó, àfi kó jáde síta, kó lọ dúró síbi ògiri ọgbà, kí àwòrán kan ṣoṣo tó lè wọlé. Wọ́n ní kó lọ ra ‘booster’. Ó rà á. Nígbà tó gbé e sínú ṣọ́ọ̀bù, ilà nẹ́tíwọọ̀kì orí fóònù rẹ̀ kún dẹ́nu, ṣùgbọ́n àwòrán ò ṣí.

Ilà yẹn ò purọ́, ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn. Bí fóònù ṣe ń gbọ́ ẹ̀rọ tuntun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù sí ló ń sọ, kì í ṣe bí ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe ń gbọ́ ráútà tó wà lódìkejì ọgbà. Ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì ò dé gan-an ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí. Ẹni tí kò bá sì gbọ́ ìròyìn dáadáa, kí ló fẹ́ẹ́ rò fún ẹlòmíràn? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú yìí ló tún jẹ́ pé ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fi ń tún un sọ. Wọn ò lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló fà á tí ìyára íntánẹ́ẹ̀tì fi máa ń já sí nǹkan bí ìdajì lọ́wọ́ wọn. Ibi tó yẹ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà ni ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì ṣì ti dára, kì í ṣe ibi tó ti tán pátápátá.

Àwọn mìíràn á ní ráútà tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ làwọn máa rà, irú èyí tó ní ìwo mẹ́fà lórí. Owó ńlá lè ṣòfò níbẹ̀. Wi-Fi kì í ṣe rédíò tó jẹ́ pé ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀, tí gbogbo ìlú ń gbọ́. Bí ráútà bá sọ̀rọ̀, fóònù gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sóhun tó máa ṣí. Ariwo ráútà ò sì lè sọ ohùn fóònù di ńlá. Ohun tó ń ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ni áńtẹ́nà tó kọjú síbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Abájọ tí agolo lásán táwọn ọmọ kọ̀ǹpútà kan sọ di áńtẹ́nà láyé àwọn ọdún 2000 fi ń ṣiṣẹ́. Agolo ò fi agbára kankan kún un, ó kàn ń kó èyí tó ń fọ́n ká sójú kan ni, bí ìgbà téèyàn fi ọwọ́ ká ẹnu láti pe ará òdìkejì odò. Bó bá gbé ọwọ́ kan náà sí etí, á tún gbọ́ ìdáhùn.

Kí owó kankan tó jáde lápò, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ráútà wà. Ẹ̀yìn fíríìjì àti abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sábà máa ń fi sí. Irin, páànù, dígí ńlá, táǹkì omi, àti ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n to irin sí, gbogbo wọn ló ń dí i lọ́nà. Ẹ gbé e sókè, sójú fèrèsé tó kọjú sí ilé kejì. Ọ̀pọ̀ ráútà ló ní báńdì méjì: 2.4GHz ń la ògiri kọjá díẹ̀, ó sì ń lọ jìnnà; 5GHz yá jù ú lọ, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró. 2.4GHz ni kẹ́ ẹ dán wò fún ilé kejì. Gbogbo àdúgbò ló kúkú kún orí ẹ̀. Nínú àwọn ojú ọ̀nà rẹ̀, 1, 6 àti 11 ni kì í tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀, kẹ́ ẹ yan èyí táwọn ará ilé tó kù ò fi bẹ́ẹ̀ lò.

Bí ìyẹn ò bá ṣe é, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò nínú ilé. Àwọn ẹ̀rọ kékeré kan wà, bíi CPE510 ti TP-Link àti NanoStation ti Ubiquiti, tí wọ́n ṣe fún ìta gbangba. Méjì ni wọ́n máa ń rà. Wọ́n á kan ọ̀kan mọ́ etí òrùlé ilé tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, wọ́n á kan èkejì mọ́ ti ilé aránṣọ, wọ́n á sì dojú wọn kọra. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná àti dátà lọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ara èyí tó wà nílé aránṣọ ni wáyà á ti wọ inú ráútà kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ni fóònù ìyá á wá máa bá sọ̀rọ̀ nítòsí. Àwọn ògiri tó ń dá ọ̀rọ̀ dúró tẹ́lẹ̀ ò sí lọ́nà mọ́. Irú ẹ̀rọ yìí ń lọ dé ọ̀pọ̀ kìlómítà níbi tí kò bá ti sí ìdíwọ́, 30 mítà tàbí 50 ò lè dà á láàmú. Ẹ tiẹ̀ lè dín agbára rẹ̀ kù, kó má baà da ti àwọn ará àdúgbò rú.

Àfi káwọn méjèèjì rí ara wọn lójú kòrókòró o. Ewé tutù máa ń gbé 5GHz mì. Ẹni tó bá kan ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́lé nígbà ọyẹ́, tí igi fúrúùtù àárín ọgbà ti wọ́wé, lè rò pé iṣẹ́ ti parí, títí dìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí igi tún ya ewé bo ojú ọ̀nà.

Ṣé kí wọ́n wá kúkú fa wáyà ni? Wáyà nẹ́tíwọọ̀kì ń lọ dé 100 mítà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àrá ń bẹ níbẹ̀. Kò dìgbà tí àrá bá sán lu ilé. Bó bá sán nítòsí, wáyà bàbà tó ta láti òrùlé kan dé òmíràn lè gbé iná wọlé, kó jó ẹ̀rọ ilé méjèèjì. Bó bá jẹ́ dandan, fáíbà ni kí wọ́n fà, nítorí kì í gbé iná. Ẹ̀rọ etí òrùlé náà nílò ohun tó ń dènà àrá lórí wáyà tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà ńbẹ̀. Bí ilé méjèèjì ò bá sí lórí fáàsì kan náà, bí NEPA bá mú ti ẹnì kan, íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù ti lọ nìyẹn. Bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà ni kí wọ́n fi sí ìhà méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ká ní ₦30,000 lowó oṣù, tí wọ́n sì pín in sí méjì, ìyá á ní fóònù kan ṣoṣo lòun ń lò, àwọn ọmọ ilé kejì ló ń wo fídíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nínú ètò ọ̀pọ̀ ráútà, wọ́n lè pín in: bí íntánẹ́ẹ̀tì náà bá jẹ́ 30Mbps, kí wọ́n yọ 10 fún ṣọ́ọ̀bù, kí ìyá sì san ₦10,000. Ẹ ka àdéhùn ilé-iṣẹ́ tó ń tà á fún yín kẹ́ ẹ tó fa nǹkan kan, nítorí àwọn mìíràn ò gbà kó kọjá ilé kan. Ẹni tó bá sì sọ ọ́ di ọjà, tó ń gbowó káàkiri àdúgbò, òfin ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2003 ní kó gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ NCC.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi íntánẹ́ẹ̀tì náà lu jìbìtì, ilé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ làwọn agbófinró á kọ́kọ́ kàn. Kí ṣọ́ọ̀bù ní orúkọ Wi-Fi tiẹ̀ àti pásíwọọ̀dù tiẹ̀, pẹ̀lú ààbò WPA2 tàbí WPA3, kó yàtọ̀ sí ti ilé. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ kan bá ṣe fírídọ̀ọ̀mù tó lọ, ti ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n máa yí padà.