Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ÒBÍ: ÀPÒ BÀBÁ ÀTI ÌWÉ ỌMỌ

Ọ̀rọ̀ ìnáwó ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí. A fẹ́ wo bí owó tí ń wọlé fún ìdílé ṣe ń pinnu ìwé tí ọmọ yóò kà, iṣẹ́ tí yóò rí, àti bí ara àti ọkàn rẹ̀ yóò ti rí.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin. Gbogbo wa la mọ ìtàn opó yẹn. Nígbà tí a bá ń wàásù lórí rẹ̀, òróró tó ń sun tí kò dáwọ́ dúró ni a máa ń pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Gbèsè ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kú, olówó sì ń bọ̀ wá kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Àwọn ọmọ kọ́ ni wọ́n jẹ gbèsè. Àìrówó ilé ló fẹ́ já lé wọn lórí.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa, torí ilẹ̀ Yorùbá náà ní ìwọ̀fà. Bàbá á yá owó, á fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ bá ṣe lóko olówó, èlé lásán ni, kì í dín owó náà kù rárá. Títí bàbá yóò fi rí owó san, ibẹ̀ ni ọmọ wà. Ìjọba Òyìnbó fòfin de ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n a bi yín o: ọmọ ọdún 12 tí a mú kúrò ní kíláàsì, tí a fi ránṣẹ́ sí Èkó láti lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tí owó oṣù rẹ̀ ń bọ̀ wá bá wa nílé, kí ni ká pè é?

Àwọn àgbà wa mọ̀ pé owó ni ìdènà. Kí 1955 tó dé, ilé tí kòkó bá ti pọ̀, tàbí ilé tí ẹ̀gbọ́n kan ti ń ṣe tíṣà, ni ọmọ ti ń lọ sílé-ìwé. Nínú ọmọ mẹ́fà, ó lè jẹ́ ọ̀kan ni wọn yóò yàn, ìyókù á gba oko lọ. Ní July 1952, Olóyè S. O. Awókòyà tó jẹ́ Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ fún Western Region gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn. Ní 17 January 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iye ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti bíi 457,000 ní 1954 sí bíi 811,000 ní 1955. Ẹ tún un kà. Láàrin ọdún kan ṣoṣo! Kì í ṣe pé àwọn òbí ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ràn ìwé ní oṣù January yẹn. Owó ilé-ìwé tí a gbé kúrò lójú ọ̀nà ni. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún wa pé tálákà kò fẹ́ kí ọmọ òun kàwé, ẹ fi iye méjì yìí hàn án.

Ọ̀fẹ́ yẹn kò já bọ́ láti ọ̀run o. Ìjọba bu owó orí ẹ̀kọ́ àti ìlera, ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà, lé àwọn ènìyàn lórí. Ìkùnsínú pọ̀ débi pé nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ NCNC borí Action Group nílé ara rẹ̀. Ìjọba náà kò tìtorí èyí padà sẹ́yìn. Wọ́n tún fi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kún un fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, nítorí wọ́n mọ̀ pé ibà kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohun tí tíṣà ń wí.

Àwọn tó wọlé ní 1955 parí Prámárì Six ní 1960, wọ́n sì bá ògiri mìíràn pàdé: ilé-ìwé girama ṣì ń gba owó. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní owó lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù gba Modern School tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Ó di 1979, nígbà tí Olóyè Adékúnlé Ajásin di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, kí girama tó di ọ̀fẹ́. Àwọn ológun gbàjọba ní 31 December 1983. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún bíi tiwa, ẹ mọ ẹni tó parí nínú ẹgbẹ́ yín àti ẹni tó já sọ́nà. Ṣé ọgbọ́n orí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

Lónìí, òfin UBE ti 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ àti dandan ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Ní Èkìtì wa níhìn-ín, ìjọba Gómìnà Fáyẹmí fagi lé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé ní October 2018. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé nìkan kọ́ ni ìwé ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo kàlẹ́ńdà àgbẹ̀, nítorí níbí ni ọ̀rọ̀ Ayégbajú wà. Oṣù September ni ilé-ìwé ń wọlé. Kòkó tó pọ̀, October sí December ni. Ní September, iṣu tuntun wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, owó rẹ̀ kò gbé nǹkan. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ fẹ́ ìwé, bàtà, aṣọ ilé-ìwé. Kí ni bàbá ń ṣe? Á lọ bá ẹni tó ń ra kòkó, á gba owó lórí kòkó tó ṣì wà lórí igi, ní iye tí olówó bá dá. Bí kò bá rí ẹni yá a lówó, ọmọ á wọ kíláàsì láìní ìwé. Nígbà tí owó kòkó yóò fi dé, sáà kìn-ín-ní ti ń parí lọ, ọmọ ti gba ipò ìkẹyìn, wọ́n sì ti ń pè é ní olódo. Kì í ṣe iye owó nìkan, àsìkò tí ó ń wọlé pẹ̀lú ni. Bàbá méjì lè pa iye kan náà lọ́dún, kí ọmọ ẹni tó ń gba owó oṣù máa lọ ní ìrọ̀rùn, kí ti àgbẹ̀ máa tà gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́.

Ní 2024 owó kòkó lọ sókè lọ́jà àgbáyé ju dọ́là 10,000 lọ lórí tọ́ọ̀nù kan. Ó tún já wálẹ̀ ní 2025. Ẹni tó fi díẹ̀ pamọ́ de September, ọmọ rẹ̀ jàǹfààní. Ẹni tó fi ra ọ̀kadà tuntun, ó ń gùn ún.

Ẹ tún wo inú ilé. Ọmọ tí kò jẹun àárọ̀ kì í gbọ́ ìṣirò. Oorun ni yóò máa kùn ún. Ìdí nìyí tí ìjọba àpapọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán ní 2016 fún Prámárì One sí Three, náírà 70 fún ọmọ kan lóòjọ́, kí ó tó di 100. Ní Bùràsíìlì, láti 2003, ìjọba ń fún ìdílé aláìní lówó lóṣooṣù lábẹ́ ètò Bolsa Família, wọ́n sì ń béèrè pé kí ọmọ má pa ilé-ìwé jẹ. Ìyá ni wọ́n sábà máa ń fún lówó náà. Òye wà níbẹ̀, ẹ̀yin bàbá ẹ má bínú. Ọmọ tó ń gbọ́ tí bàbá àti ìyá ń jà lórí owó ọbẹ̀ lóru, àyà rẹ̀ kì í balẹ̀ láàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìdánwò, 27,000 náírà ni WAEC gbà fún ìforúkọsílẹ̀ ní 2024. Owó oṣù tó kéré jù tí a fòfin gbé kalẹ̀ ní July ọdún náà jẹ́ 70,000. Ẹni tí ìjọba kò bá san án fún, tó sì ní ọmọ méjì ní SS3, ẹ bá a ṣírò rẹ̀. Fún àwọn tó wọ yunifásítì, ọ̀nà kan ti ṣí. Òfin owó yíyá akẹ́kọ̀ọ́ ti 2023 ní kí owó tó ń wọlé fún ìdílé má ju 500,000 lọ lọ́dún. Òfin tuntun ti April 2024 mú ìyẹn kúrò. NELFUND ń san owó ilé-ìwé tààrà fún yunifásítì, láìsí èlé, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí san án padà ní ọdún méjì lẹ́yìn tó bá sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, bí ó bá ríṣẹ́. Federal University, Ọ̀yẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, kò jìnnà sí wa. Kò yẹ kí ọmọ Ayégbajú máa wò ó láti inú mọ́tò lásán.

Ó ku ibi tó máa dun àwọn kan. Aṣọ àjọ̀dún tí a wọ̀ lónìí dára, ó sì yẹ wá. Ṣùgbọ́n a mọ ilé tí wọ́n ti ra òpó aṣọ mẹ́rin nígbà tí owó ìdánwò ọmọ ṣì wà nílẹ̀. Èrò wa ni pé kí ìgbìmọ̀ ìjọ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ìkórè sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí a fi ṣe owó àyálò September fún àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ kò tíì pọ́n, kí ó dá a padà ní December láìsí èlé. Ìyókù kí ó wà fún fọ́ọ̀mù WAEC ọmọ òrukàn àti ọmọ opó. A ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ, yóò sì wá síwájú ìpàdé gbogboogbò àkọ́kọ́ lẹ́yìn àjọ̀dún yìí.

Kí ìpàdé náà tó jókòó, òbí tí owó ìdánwò ọmọ bá ń kó lọ́kàn sókè lè wá rí wa ní ọ́fíìsì akọ̀wé lẹ́yìn ìsìn Wednesday. A kò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni jáde nínú ìjọ.