Ẹ̀kọ́ Lára Ìjà Àgbò

Ìwé Mímọ́ fún kíkà: Òwe 12:10, Málákì 1:8

Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ó kàwé ní Lálúpọn nígbà tiwa kò ní béèrè ohun tí ìjà àgbò jẹ́. Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọ ń fa àgbò bàbá wọn jáde sí gbangba. Àgbò méjì a wo ara wọn, wọn a fà sẹ́yìn, ariwo a sọ. Àwọn àgbà kò kúkú parọ́: àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá. Àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni kì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Gààrí àti ṣúgà ni a fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ní ọdún kan, bàbá kan ní àdúgbò fi àgbò rẹ̀ sí ìkáwọ́ wa kí a máa dà á jẹko. Ojú ìjà ni a mú un lọ. Ìwo èkejì gún un, ojú rẹ̀ kan sì fọ́. A rò pé kò ju ọgbẹ́ lọ, àfi ìgbà tí bàbá náà jókòó ti ẹran rẹ̀, tí ó ní afọ́jú kò ṣe é fi rúbọ Iléyá mọ́. Kò nà wá. Kò sì rí owó ra òmíràn lọ́dún náà. Ìgbà tí a dé ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ni a tó ka Málákì dáadáa, tí a rí i pé lórí ẹran afọ́jú kan náà ni Ọlọ́run ti bá àwọn àlùfáà Ísírẹ́lì wí.

Ohun tí ó mú wa sọ ìtàn yìí ni àbá tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan, pé kí a fi ìjà àgbò kún ayẹyẹ ìlú, kí àlejò lè máa ti Ìbàdàn wá wò ó. Wọ́n ní ní Èkó, ó ti di ìdíje tí ó ní adájọ́ àti ife ẹ̀yẹ. Òótọ́ ni. Òótọ́ sì ni pé àwọn olùtọ́jú àgbò wọ̀nyẹn ń bọ́ ẹran wọn ju bí a ti ń bọ́ tiwa lọ, àti pé kíkàn wà nínú ẹ̀dá àgbò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Spéènì, níbi tí irú eré bẹ́ẹ̀ ti pẹ́. Nínú ìjà akọ màlúù tiwọn, màlúù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi idà pa ní ìrọ̀lẹ́ kan. Póòpù Pius Karùn-ún fi òfin dè é ní 1567: ọba tí ó bá gbà á láyè, ìjọ yóò yọ ọ́, ẹni tí ó bá kú sínú agbo, a kò ní sin ín ní ìlànà ìjọ. Ọba Philip Kejì bẹ̀bẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di 1575, Póòpù Gregory Kẹtàlá ti dẹ òfin náà fún àwọn tí kì í ṣe àlùfáà. Ọdún mẹ́jọ péré! Lẹ́yìn náà ni àlejò dé. Ìwé ìtàn tí Ernest Hemingway, ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1926 sọ Pamplona di ìlú tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ ní oṣù Keje, láti sáré níwájú màlúù. Àwọn aṣòfin Catalonia dìbò ní 2010 láti fòpin sí ìjà náà. Ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè fagi lé òfin wọn ní 2016, nítorí ogún àṣà Spéènì ni. Kòlóńbíà ní tirẹ̀ ti ṣòfin ní 2024 pé yóò dópin ní 2027.

Ẹ̀rù àgbò kò bà wá tó ẹ̀rù owó. Nínú pápá, àgbò tí ó bá rẹ̀ a yí ẹ̀yìn padà, ìjà a sì parí. Bí àlejò bá ti sanwó ìwòran, tí ọ̀dọ́ wa sì ti fi owó ilé ẹ̀kọ́ ta tẹ́tẹ́, ta ni yóò jẹ́ kí ó yí ẹ̀yìn padà?

A ti dá àbá tiwa fún wọn: kí a to àgbò sí gbangba, kí a wọ̀n wọ́n, kí ife bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó tọ́jú tirẹ̀ jù, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí Kristẹni. Àwa ni a ó ra ife náà.