Ẹ Rọra Wọ Igbó Lẹ́kìí

Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Lẹ́kìí sí Ẹ̀pẹ́ kì í jẹ́ kí èèyàn gbà pé igbó wà nítòsí. Àmọ́ bí ẹ bá ti dé ọ̀kánkán ọ́fíìsì Chevron, ẹ ti dé ẹnu géètì Lekki Conservation Centre nìyẹn: igbó, irà àti pápá tó tó héktà 78, láàárín òkun àti ọ̀sà. Nigerian Conservation Foundation, àjọ tí Olóyè Shafi Edu ọmọ Ẹ̀pẹ́ dá sílẹ̀, ló ṣètò rẹ̀ ní 1990. Irú ilẹ̀ yìí náà ni gbogbo ilé tó yí i ká báyìí jókòó lé. Èyí tó ṣẹ́ kù nìyí.

Ẹ tètè débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, torí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí irà máa ń yọ̀ lásìkò òjò. Nígbà kan, ₦1,000 ni owó ìwọlé, ₦1,000 mìíràn fún afárá. Ẹ mú jù bẹ́ẹ̀ lọ dání.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ ló ká mi lára. Ọ̀bọ mona ni wọ́n: àyà funfun, àmì funfun méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìrù. Ẹnikẹ́ni kò so wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn ni onílé, àwa ni àlejò. Síbẹ̀, àwọn kan á máa na búrẹ́dì sí wọn nítorí fọ́tò, wọ́n á sì tún máa pariwo olè nígbà tí ọ̀bọ bá já báàgì gbà. Ta ló kọ́ ọ? Mo rí ìyá ọ̀bọ kan lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn níkùn. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìró ọ̀rá bisikíìtì ló ń tẹ́tí sí. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya ẹnu ọ̀rá náà ni, ìyá ọ̀bọ ti bọ́ láti orí ẹ̀ka, fìrì, ó gbé e, ó wọ inú ewé lọ tòun ti ọ̀rá. Ọ̀rá yẹn ló dùn mí jù, torí bí adùn bá ṣì wà lára rẹ̀, yóò jẹ ẹ́ mọ́ ọn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun yó kí ẹ tó wọlé. Bí oúnjẹ bá kù, ẹ tì í mọ́ inú báàgì, ẹ má tú u lójú wọn. Bí ọ̀bọ bá dúró lójú ọ̀nà, kí ẹ̀yin náà dúró. Yóò kọjá.

Afárá orí igi, tó gùn tó mítà 401, ló ń fa èrò wá jù. Ó máa ń mì, nítorí náà ẹ má fò lórí rẹ̀ láti dẹ́rù ba ẹni tó wà níwájú. Ẹ dákẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀: orí igi ni ẹ ó máa wò láti òkè, níbi tí ẹyẹ ti ń wò ó.

Bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú nígbà tí ẹ jáde, ẹ má ṣẹ́rí padà. Ẹ wakọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, sí ọjà ẹja Olúwo létí ọ̀sà. Ẹ ra àrọ̀ tó ṣì ń jà nínú abọ́, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín pa á níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè ẹni tó ń ta ẹ̀bìrípò gbígbóná nínú ewé.