Ìtẹ́lọ́rùn Nínú Yàrá Kan



Àwọn àgbà ní ààyè kì í há adìẹ kí ó má dé ìdí àba rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìbàdàn, ní Mushin àti ní Òṣogbo ni ó ń gbé yàrá kan, tàbí yàrá àti pálọ̀, nínú ilé tí ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn. Bí ìyá bá rí ilé tuntun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́, ọkàn rẹ̀ lè bàjẹ́. Kò burú kí a fẹ́ ilé ńlá. Ṣùgbọ́n inú yàrá tí a ní lónìí ni àwọn ọmọ wa ti ń dàgbà. A kò gbọdọ̀ fi ìlera àti ayọ̀ wọn pamọ́ de ilé ọ̀la.

1. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé
Inú afẹ́fẹ́ ni ikọ́ ife ti ń ràn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe fi ẹrù dí ojú fèrèsé. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sí i, kí ẹ sì máa ṣí i. Ẹni tí ó bá wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn.

2. Ẹ ṣọ́ra fún èéfín àti kẹrosínì
Ẹ má ṣe gbé ààrò èédú wọ inú yàrá nítorí òtútù. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tàbí sí ìdí fèrèsé. Gáàsì olóró tí ó wà nínú èéfín wọn kò ní òórùn, ojú kò sì lè rí i. Ó lè pa gbogbo ará ilé lójú oorun. Ẹ má ṣe rọ kẹrosínì sínú ìgò ohun mímu. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó bì í. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

3. Ẹ fún ohun gbogbo ní àyè tirẹ̀
Ẹrù tí ẹ kò lò láti ọdún dé ọdún, ẹ fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ẹ ká ẹní àwọn ọmọ ní òwúrọ̀, kí ẹ sá a sí oòrùn; ibi tí wọ́n sùn lóru yóò di ibi tí wọn yóò jókòó kàwé. Ẹ dé oúnjẹ dáadáa, nítorí eku ni ó ń kó ibà Lassa ran ènìyàn.

4. Àyíká wa, ti gbogbo wa ni
Ìjà lórí ẹni tí yóò gbá kọ́rídọ̀ a máa gba àlàáfíà lọ́wọ́ ilé. Ẹ pín iṣẹ́ náà láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ máa da omi inú agolo àti táyà nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14. Ẹ rántí pé aládùúgbò tí ẹ ń bá jà ni yóò gbé ọmọ yín dìde bí ó bá ṣubú nígbà tí ẹ wà lọ́jà.

5. Ìtẹ́lọ́rùn kì í ṣe ìfaradà ìyà
Bí òrùlé bá ń jò tàbí tí ilé ìgbẹ́ kún, kí gbogbo ayálégbé fi ohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ sọ fún onílé. Kí tọkọtaya sì bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kí iye ọmọ lè bá agbára wọn mu.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Kí ni ó dí fèrèsé yàrá wa?
(b) Níbo ni kẹrosínì wa wà ní alẹ́ yìí?
(d) Aládùúgbò wo ni ó yẹ kí a bá parí ìjà lọ́la?

Ẹ jọ dáhùn wọn kí ẹ tó sùn.