Ẹ̀kọ́ Lára Ìgbésí Ayé J. D. 'Okhai Ojeikere, Onífọ́tò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí ni bí ènìyàn ṣe lè di ọ̀gá nínú iṣẹ́ tí kò kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ń gbà kọ́ṣẹ́: a ó mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ọmọ náà yóò sìn ín fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn èyí ni yóò gba òmìnira. Báyìí ni James Barnor, tí ó ní ilé-fọ́tò Ever Young ní Accra ní àwọn ọdún 1950, ṣe kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gba ọ̀nà mìíràn.

Ní ọdún 1930 ni a bí Johnson Donatus Aihumekeokhai Ojeikere ní abúlé Ovbiomu-Emai, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ní Nàìjíríà lónìí. Ní ọdún 1950, ó ra kámẹ́rà Brownie kan ní pọ́n-ùn 2. Aládùúgbò rẹ̀ kan ni ó fi bí a ti ń lò ó hàn án. Ìyókù, ojú ara rẹ̀ àti ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọ. Kámẹ́rà náà kò ní iná. Ẹni tí kò ní iná kò lè ṣàì kọ́ ìwà oòrùn: ìgbà tí ó ń mú ojú ènìyàn dán, ìgbà tí ó ń fi òjìji bò ó, àti ibi tí ó yẹ kí a gbé àga sí.

Lẹ́yìn èyí, ó ń kọ lẹ́tà léraléra sí Ilé-iṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn, ó ń tọrọ iṣẹ́. Kò sú u. Ní ọdún 1954, wọ́n gbà á láti máa ṣèrànwọ́ nínú yàrá òkùnkùn, níbi tí a ti ń fọ fíìmù. Àwòrán tí kámẹ́rà bá gbà kì í hàn lójú fíìmù títí a ó fi rì í sínú omi oògùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà yóò dúdú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé yóò mọ́ gaara. Bí a bá wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, dúdú yóò di funfun, funfun yóò sì di dúdú. Ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ yóò rí àṣeyọrí àti àṣìṣe onífọ́tò gbogbo. Ilé-ẹ̀kọ́ ni yàrá náà jẹ́ fún un.

Ní ọdún 1961, ó di onífọ́tò ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Láti ọdún 1963 títí di ọdún 1975, ó ṣiṣẹ́ fún West Africa Publicity ní Èkó, kí ó tó dá ilé-fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ọdún 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n: ó ń ya irun orí àwọn obìnrin. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Agbẹ́gilére gbẹ́ ère, ère náà pẹ́. Onídìrí di ṣùkú tàbí kó onílé gogoro, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ a ó tú u. Ojeikere rí i pé iṣẹ́ ọnà ni irun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà tí kì í dúró. Ó pinnu pé fíìmù ni yóò dá a dúró. Láti ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni ó sábà máa ń ya orí náà, ní dúdú àti funfun, láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò fa ojú lọ. Ó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan àwòrán irun tí ó yà. Ojú obìnrin náà lè má hàn rárá, síbẹ̀ ọrùn, etí àti èjìká rẹ̀ ń sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́.

Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún kí Fondation Cartier ní Paris tó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2000. Ní ọdún 2007, a fi í hàn ní Kassel ní Jámánì. Ní ọdún 2013, ní Venice ní Ítálì. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2014.

Kí ni èyí kan àwa tí a wà ní Nyohini? Àwọn Yorùbá oníṣòwò, tí púpọ̀ nínú wọn ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, gbé ní Tamale yìí títí àṣẹ ìjọba Ghana ti ọdún 1969 fi mú ọ̀pọ̀ wọn padà sílé. A ti tú irun tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn dì tipẹ́tipẹ́. Bí kò bá sí fọ́tò, ta ni yóò sọ bí ó ti rí? Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun púpọ̀ ní ìlú olúkúlùkù wa ṣe ń lọ. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀gá tàbí ohun èlò olówó iyebíye kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó mú ohun kan ṣoṣo, kí ó wò ó dáradára, kí ó sì máa wò ó fún ọdún púpọ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni kámẹ́rà tí kò ní iná fi kọ́ Ojeikere?
2. Ǹjẹ́ a lè pe fọ́tò tí ojú kò hàn nínú rẹ̀ ní àwòrán ènìyàn? Sọ ìdí rẹ̀.
3. Dárúkọ irun mẹ́ta tí a ń dì tàbí tí a ń kó ní ìlú rẹ, kí o sì ṣàlàyé bí a ti ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan.