Lẹ́tà £3,600: Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Owó Àsanjù

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kíláàsì ògbufọ̀ ní kí kálukú mú ìwé ìjọba kan wá, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ọ̀pọ̀ nínú wa mú ìkéde ètò ìlera tàbí ti ètò ìdìbò wá. Èmi ò wá tèmi jìnnà. Ó ti wà lórí fóònù mi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì: lẹ́tà olójú-ewé mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Lọ́ńdọ̀nù, yà ní fọ́tò, tó sì fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ohùn tó fi tẹ̀ lé e kò gùn. "Ọmọ mi, wọ́n ní mo jẹ gbèsè £3,600. Mi ò yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Jọ̀ọ́, bá mi kà á dáadáa."

Ìyá Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fọ ilé ìwòsàn níbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Gẹ̀ẹ́sì inú lẹ́tà káńsù ni kò yé e, kí n má purọ́, kò kọ́kọ́ yé èmi náà. Mo rò pé ìtumọ̀ lásán ni mò ń lọ ṣe. Mi ò tíì dé ojú ewé kejì tí mo fi rí i pé ẹni tí kò bá mọ bí owó náà ṣe ń rìn kò lè túmọ̀ gbólóhùn kan níbẹ̀. Ohun tí mo kọ́ nìyẹn tí mo fẹ́ fi han ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí kò sí ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kò ní ẹnìkan ní Ìlú Ọba.

Owó ilé ni Housing Benefit. Òfin 1982 ló dá a sílẹ̀, káńsù àdúgbò ló sì ń san án fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó san owó ilé. Àwọn tó ṣì lè ṣiṣẹ́ kì í sábà gbà á mọ́, nítorí láti 2013 ni Universal Credit ti ń rọ́pò rẹ̀ fún wọn, àmọ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ṣì ń gbà á. (Ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ kò ní ẹ̀tọ́ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtijápa má baà fọkàn sí i.) Níbí, ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá ní Ìjagun yóò kó owó ọdún kan kalẹ̀, àti ti àdéhùn, àti ti ajẹ́ǹtì, kò sì sí ìjọba kan tí yóò bá a dá sí i. Ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ nílẹ̀ wa ni National Housing Fund tí òfin 1992 dá sílẹ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń dá 2.5% nínú owó oṣù rẹ̀. Ẹ̀yáwó ni wọ́n ń rí gbà níbẹ̀ láti fi kọ́lé tàbí rà á, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń san án padà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ káńsù fi máa ń ṣe wá bákan: báwo lèèyàn ṣe ń dá owó tí kò yá padà?

Ọ̀nà tó gbà ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Lọ́ńdọ̀nù nìyí. Ó wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó lè ṣe Iléyá àti Ojúde Ọba pẹ̀lú wa, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ogúnjọ́ tó dé, tó ku ọ̀la kí ó padà, bàbá mi ṣubú ní balùwẹ̀, kò sì dìde mọ́. A sin ín lọ́jọ́ kejì. Ìyá sún tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí ìparí ọ̀sẹ̀ keje. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ keje ń parí lọ, àwọn àgbà ẹbí ní kò yẹ kí ó lọ kí a tó ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ àbúrò rẹ̀, ó bá tún tíkẹ́ẹ̀tì náà sún. Lẹ́yìn àdúrà, ọ̀rọ̀ ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ dé, àti ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé èmi àti àbúrò mi. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló lò lápapọ̀. Ó padà, kò sọ fún káńsù, nítorí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ. Owó náà kì í tilẹ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Láti káńsù ló ń lọ tààrà sọ́dọ̀ onílé. Ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn tó padà, wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí i, ìbéèrè kan níbẹ̀ sì ni bóyá ó ti rin ìrìn àjò. Ó kọ òtítọ́ sí i. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ni ti £3,600.

Òfin tó mú un kan àwọn ará wa gbọ̀ngbọ̀n. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń gba Housing Benefit lè kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ 13 kí owó tó dúró, ì báà jẹ́ òkè òkun ló lọ. Láti ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2016, wọ́n gé e kù sí ọ̀sẹ̀ 4 fún ẹni tó bá jáde kúrò ní ilẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ ikú ọkọ, aya, ọmọ, òbí tàbí ọmọ ìyá ló fà á, wọ́n lè fi ọ̀sẹ̀ 4 mìíràn kún un, bí wọ́n bá rí i pé kò bọ́gbọ́n mu láti retí pé kí onítọ̀hún tètè padà. Ẹni tó bá sì ti mọ̀ kó tó kúrò nílé pé òun yóò pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ, owó tirẹ̀ dúró láti ọjọ́ tó gbéra.

Ẹ fi èyí wé bí a ṣe ń ṣòkú. Mùsùlùmí ń sìnkú kíákíá, àmọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ wà, ti ogójì ọjọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì lè gbé òkú sí mọ́ṣúárì fún oṣù kan ààbọ̀ kí ẹbí tó fẹnu kò lórí aṣọ tí wọ́n máa wọ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ òfin bá fi pé, òkú kò tíì wọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀rọ̀ èdè, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Lẹ́tà náà ń pè é ní overpayment. Ohun tí Ìyá gbọ́ ni gbèsè, òun ni èmi náà sì kọ́kọ́ kọ. Àmọ́ ẹ wo ìṣe tó ń bá gbèsè rìn: jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹni tó jẹ ẹ́ ni olùwà gbólóhùn, òun ló ṣe nǹkan. "Mo jẹ gbèsè" kò ṣẹ́ku sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti ṣe. Àsanjù yàtọ̀ sí i. Sísan ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó sì san owó náà jù ni káńsù. Bí mo bá kọ "owó àsanjù", ìbéèrè mẹ́rin á jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ta ló san án, fún ọ̀sẹ̀ wo, èló ló yẹ kí ó san, kí ló sì fà á tó fi san jù bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni òfin pàápàá ní kí káńsù dáhùn. Gbèsè bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀, ó wá ṣẹ́ku ìtìjú nìkan.

Ìtìjú ọ̀hún kò sì kéré láàárín wa. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ nípa ológò, ẹni tí olówó ń rán lọ dógò ti ajigbèsè: yóò wọ ilé onítọ̀hún, yóò jókòó, yóò máa dààmú ilé títí owó yóò fi jáde. Àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà gba orúkọ òṣómàáló nítorí pé òṣó ni wọ́n máa ń ló síwájú ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Káńsù kì í lóṣòó. Ó lè máa yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ lára Housing Benefit tó ṣì ń wọlé, ó lè ní kí wọ́n yọ ọ́ lára owó ìrànwọ́ mìíràn, ó sì lè kọ̀wé sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ kí ó máa yọ ọ́ lára owó oṣù, láì gba ilé ẹjọ́ kọjá. Ẹnikẹ́ni kì í rí i, síbẹ̀ Ìyá Lọ́ńdọ̀nù sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà ti dé, òun kì í lè wo ojú ẹni tó ń pín lẹ́tà mọ́.

Mo wá mú bírò, mo da ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. £120 ni wọ́n ń san fún un lọ́sẹ̀. Lẹ́tà náà ka ọ̀sẹ̀ 30: 11 tó fi wà lọ́dọ̀ wa, àti 19 tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni mo ti dá ìwé dúró. Ó ti wà nílé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 19 yẹn; kí ló dé tí wọ́n fi kà á mọ́ ọn? Ìdáhùn wọn ni pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti kú lọ́jọ́ tó kúrò nílẹ̀, kò sì béèrè tuntun nígbà tó dé. Lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní bí wọ́n bá ń ṣírò owó àsanjù, dandan ni kí wọ́n yọ iye tí ẹni náà ì bá gbà ká ní wọ́n mọ gbogbo òtítọ́ ọ̀rọ̀ lásìkò. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nìyí. Lẹ́tà kì í pariwo rẹ̀. Nínú tiwa, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ ọ́, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹta, pé kí ó fi ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún un ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́ yóò san gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni àṣìṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ṣe àṣìṣe, tí ẹni tó gba owó kò lọ́wọ́ sí i, tí kò sì sí bó ṣe lè mọ̀ nígbà náà pé wọ́n ti san jù, wọn kò gbọdọ̀ gba Housing Benefit náà padà. Èyí kò bá ọ̀rọ̀ Ìyá mu, nítorí kò sọ fún wọn pé òun rìnrìn àjò. Mo mẹ́nu kàn án torí pé Universal Credit kò rí bẹ́ẹ̀: níbẹ̀, wọ́n lè gbà á padà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ló ṣì í ṣe. Ohun tó kù fún èèyàn ni kí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fojú fò ó. Ní 2023, ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù dá obìnrin kan tí wọ́n pè ní K láre lórí irú owó bẹ́ẹ̀ tó lé ní £8,000, àmọ́ ó ní láti dé ilé ẹjọ́ kó tó rí ìyẹn.

Oṣù kan péré ni wọ́n ń fúnni láti ta ko ìpinnu lórí Housing Benefit, láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ nínú tiwa, tí mo fi sùn lé e. Mo pè é.

"Ẹ kú alẹ́, Mà. Ṣé ẹ ṣì ní ìwé tíkẹ́ẹ̀tì yín lọ́wọ́?"

"Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Gbogbo rẹ̀, Mà."

Tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní lọ́kàn. Ìkejì fi hàn pé kò tíì pinnu láti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ kú. Màámi ya ìwé ẹ̀rí ikú bàbá mi ní fọ́tò. Mi ò wò ó pẹ́. A fi ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ àti ti báǹkì kún un, a kọ lẹ́tà ojú ewé kan ní Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, ó sì mú un lọ sí káńsù fúnra rẹ̀ kó lè gba ìwé pé wọ́n rí i gbà.

Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n yọ ọ̀sẹ̀ 19 kúrò láì jiyàn. Wọ́n gba ọ̀sẹ̀ 7 àkọ́kọ́ nínú 11. Wọ́n kọ ọ̀sẹ̀ 4 tó kù, torí pé láti ọjọ́ tó ti sún tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kejì ni ó ti mọ̀ pé òun yóò kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mo fẹ́ kí a tún bá wọn fà á, kí wọ́n kúkú ka ọ̀sẹ̀ kẹjọ pẹ̀lú. Ìyá ní rárá, ó ní ìwọ̀nyí òun jẹ. Ó lo ọ̀rọ̀ náà gan-an, jẹ, mi ò sì tún un ṣe fún un. £480 ni. Wọ́n ń yọ £10 lọ́sẹ̀, yóò parí ní ọ̀sẹ̀ 48.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn ni wọ́n fi ṣe àdúrà bàbá mi, òun náà ni ó fi lọ san owó ilé ìwé mi.

Nígbà tí a ṣe ìrántí ọdún kan, ó wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kó tó wọ bàálù, ó ti kọ̀wé sí káńsù nípa ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀ rẹ̀, ó ya fọ́tò ìwé náà sí mi, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá ó gún.