Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Kì í Pa Arọ Tó Bá Gbọ́n

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ìlọrin, ní Kwara Poly àti lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì káàkiri ìgboro, ẹ fi òwe yìí sọ́kàn, torí òun gan-an ni iṣẹ́ yín. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kì í sábà ṣàdédé kú. Kó tó dákẹ́, yóò ti máa gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, yóò máa gbọ̀n, yóò máa jò, ohùn rẹ̀ yóò yí padà. Ẹni tó gbọ́ ọ kó tó bàjẹ́ ni mo ń pè ní ọ̀gá, kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n tú nígbà tó bàjẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ilé iná Jẹ́bà, lápá àríwá Ìlọrin, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, ní ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́fà tí omi Odò Ọya ń yí. Agbára wọn lápapọ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 578. Bí ẹyọ kan bá dúró, nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 96 ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní iléeṣẹ́ kékeré: bí ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ọ̀rá bá dúró, owó oṣù òṣìṣẹ́ kò dúró, oníbàárà á sì gba ibòmíràn lọ.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Mọ́tò iná kan wà ní iléeṣẹ́ kan nílùú yìí tó ń fa omi. Ó jó, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wé wáyà, ó padà dé, kò pẹ́, ó tún jó. Gbogbo wọn ń bínú sí ẹni tó wé e. Ìgbà tí wọ́n fi mítà wọn iná ni wọ́n tó rí i pé ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná wá a máa dákú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì tó kù ló wá ń ru ẹrù mẹ́ta, inú mọ́tò náà sì ń gbóná. Bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius 10 ju bó ṣe yẹ lọ, ọjọ́ ayé èèpo wáyà inú mọ́tò a fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Rélè kékeré tí ì bá pa mọ́tò náà nígbà tí iná kò pé kò sí níbẹ̀. Mọ́tò tó jó ni làpálàpá. Iná tí kò pé ni ètè. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ bèèrè ohun tó fà á. Bí ẹ bá rí ìdáhùn, ẹ tún bèèrè ohun tó fa ìyẹn.

Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Lásìkò ọyẹ́, eruku a máa bo gbogbo nǹkan n'Ílọrin. Ẹ nu ẹnu ibi tí gíríìsì ń gbà wọlé dáadáa kí ẹ tó fún un, kí ẹ má baà fọwọ́ ara yín ti iyanrìn sínú bíárìn. Gíríìsì àpọ̀jù kì í sì í ṣe ìtọ́jú; bíárìn a máa tìtorí rẹ̀ gbóná.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní 1978, Nowlan àti Heap ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú United Airlines l'Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde: nínú 100 ẹ̀yà ara ọkọ̀, bíi 11 péré ló ń tìtorí ogbó bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè é ló ń yọnu jù. Nítorí náà, ẹ má ṣe tú ẹ̀rọ tára rẹ̀ le nítorí pé oṣù pé. Ẹ wò ó, ẹ fetí sí i, ẹ wọn ooru rẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwé àkọsílẹ̀ ni ẹ̀yìn tí ẹ ó máa wò. Ká ní ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́ fún wákàtí 600 lóṣù, tó dúró lẹ́ẹ̀mẹfà, tí àtúnṣe gba wákàtí 24. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lẹ́yìn wákàtí 100 ló ń dúró, wákàtí 4 ló sì ń gbà láti tún un ṣe. Bí 100 yẹn bá di 80 lóṣù tó tẹ̀ lé e, ogun ti ń bọ̀.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ lójoojúmọ́ ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ohùn tó yí padà, bí kò tilẹ̀ kàwé. Iléeṣẹ́ Nippondenso ní Jàpáànù gba ẹ̀bùn ní 1971 lórí irú ìtọ́jú tó kó òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ mọ́ra báyìí. Ẹ kí wọn láàárọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè bí ẹ̀rọ ṣe jí.

Bí ẹ bá lọ fún IT, ìyẹn oṣù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí oṣù wọ̀nyẹn bá oúnjẹ rírà fún ọ̀gá lọ. Ẹ bẹ ọ̀gá pé kó fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo lé yín lọ́wọ́. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ pa iná, ẹ ti ibi tí wọ́n ti ń tan án, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ ṣí ìwé fún un, ẹ kọ ọjọ́, ooru, ohùn, ohun tó bàjẹ́ àti ohun tó fà á. Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé lọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbà yín síṣẹ́.